Ta Ni Yóò Wọn Orí Bọ̀dá Mi?

Tí bọ̀dá mi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa ẹ̀gẹ́ jọ, apá òsì orí wọn a wú jáde díẹ̀ lábẹ́ fìlà. Tí wọ́n bá dìde dúró, ibẹ̀ a wọnú padà, bíi bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn rẹ̀ ti ń lọ. Kò sí eegun níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Awọ orí àti awọ kan tó bo ọpọlọ ni gbogbo ohun tó wà láàárín ọpọlọ bọ̀dá mi àti oòrùn Akínyẹlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Ọ̀kadà ló gbé wọn ṣubú ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́nà oko kan tó yà kúrò lára títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn. Àpò ẹ̀gẹ́ méjì wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà, akoto kò sí lórí ẹnì kankan. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa, yálà Akínyẹlé ni o, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, á mọ̀ pé bí a ṣe ń gùn ún nìyẹn: èèyàn mẹ́ta, ẹrù lẹ́yìn, kò sí akoto. Kí wọ́n tó gbé bọ̀dá mi dé ilé ìwòsàn nígboro, ọpọlọ wọn ti ń wú. Agbárí kì í fẹ̀, àpótí eegun ni. Tí ọpọlọ bá wú nínú rẹ̀ tí kò ráyè, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibi tó yẹ kó dé mọ́, ikú ló kù. Àwọn dókítà gé eegun apá òsì kúrò kí ọpọlọ lè ráyè wú, ìyẹn ló sì gba ẹ̀mí wọn là. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àìdáa sí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n eegun tí wọ́n yọ ti rún, iyanrìn ti wọ inú rẹ̀, kò ṣeé dá padà.

Nígbà ìkórè àgbàdo tó kọjá, mo lọ kí wọn lábúlé. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń fi fídíò láàbù wa hàn wọ́n lórí fóònù: 3D printer tó ń tú ike gbígbóná jáde lẹ́nu bí okùn tín-ín-rín, ìlà lórí ìlà, títí ohun tó ń ṣe fi di eegun ọwọ́. Bọ̀dá mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé ẹ̀rọ yìí ò lè tẹ èyí tó kù fún mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn tó yanjú fún wọn. Ohun tí mo rí rèé, àti èyí tó dùn mọ́ mi àti èyí tí kò dùn.

Ṣé dandan ni kí wọ́n dí i?

Àwọn kan á ní ṣebí ẹni náà ń jẹ, ó ń mu, kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀ka igi lásán lè ṣe ẹni tí orí rẹ̀ ṣí báyìí léṣe gidi, ibi tó wọnú yẹn lè máa tẹ ọpọlọ, kó sì da ìrìn ẹ̀jẹ̀ àti omi tó yí ọpọlọ ká rú. Orí fífọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, òòyì, àárẹ̀, kí ọ̀rọ̀ máa sọnù lẹ́nu ẹni: àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì ti rí i pé ara ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń yá sí i tí wọ́n bá ti dí ibẹ̀ pa. Kí ọ̀kadà tó gbé bọ̀dá mi ṣubú, àwọn ni wọ́n máa ń kẹ́yìn kúrò lóko. Ní báyìí, tó bá ti di agogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á ti wá ibòji jókòó sí.

Ó pẹ́ tí èèyàn ti ń gbìyànjú láti dí orí tó ṣí. Ìwé oníṣẹ́ abẹ kan ará Netherlands, Job van Meekeren, tó jáde ní 1668, ròyìn pé wọ́n fi eegun ajá dí orí ọkùnrin kan ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ní ó san, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì lé ọkùnrin náà jáde nítorí eegun ajá ò yẹ kó wà lórí Kristẹni. Ẹ fojú inú wò ó ná.

Aṣọ ọjà àti aṣọ télọ̀

Ọ̀pọ̀ irin àti ike tí wọ́n ń fi tún ara ṣe nílé ìwòsàn, ńṣe ló dà bí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́jà: kékeré wà, ńlá wà, ẹni tó bá wà láàárín á mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Fún agbárí, àwọ̀n titanium pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà máa ń lò. Dókítà á fi ọwọ́ àti ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ títí á fi jọ orí. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é kó dára. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá ṣe tóbi tó, tó sì sún mọ́ ojú tàbí ẹ̀bátí tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń ṣòro tó láti fojú díwọ̀n. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ń tẹ irin yẹn, orí aláìsàn ṣì wà ní ṣíṣí.

Iṣẹ́ télọ̀ ni ti 3D printer. Ó máa wọn ẹni kí ó tó gé aṣọ. Téèpù tó fi ń wọ̀n ni CT scan. Ẹ̀rọ yìí máa ń fi X-ray ya orí láti ìsàlẹ̀ dókè ní ègé-ègé, bí ìgbà tí wọ́n gé búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Kọ̀ǹpútà á wá to àwọn ègé náà padà sórí ara wọn. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ 3D Slicer, ẹnikẹ́ni tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó dáa lè gbé e wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Á bá yín ya eegun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran àti ọpọlọ, nítorí eegun máa ń funfun ju gbogbo wọn lọ nínú àwòrán náà.

Ibi tó wá dùn jù nìyí. Orí èèyàn, apá ọ̀tún àti apá òsì jọra. Nítorí náà, ẹ máa mú eegun apá ọ̀tún tó pé, ẹ máa yí i padà bí ẹni wo jígí, ẹ máa gbé e lé apá òsì tó ṣí. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí kọ̀ǹpútà yọ eegun tó ṣì wà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ìrísí eegun tó sọnù nìyẹn! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, lórí àwòrán ìdánrawò tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́, mo pariwo láàbù. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí apá méjèèjì orí rẹ̀ dọ́gba tán, ẹ ṣì máa fi ọwọ́ tún etí rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe é.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ọdún 1984 ni Chuck Hull ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó fi ń tẹ nǹkan ní ìpele-ìpele. Ní 2011, ní Netherlands, wọ́n fi eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi titanium tẹ̀ sí ẹnu ìyá àgbà ẹni ọdún 83 kan. Giráàmù 107 ni ó wọ̀n, ìpele 33 ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ní oṣù kẹta ọdún 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mashudu Tshifularo ti Yunifásítì Pretoria ní South Africa àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi àwọn eegun inú etí tí wọ́n fi 3D printer ṣe rọ́pò ti ọkùnrin kan tí jàǹbá ọkọ̀ ba etí rẹ̀ jẹ́. Àwọn eegun yẹn ló kéré jù lára èèyàn. Tí wọ́n bá lè tẹ ìyẹn, kí ni agbárí?

Ògì, ẹ̀gẹ́ àti eegun

Kí ni wọ́n ń fi tẹ̀ ẹ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ni mo ń kà nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Titanium ni ọ̀gá. Ètù rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ, laser á wá yọ́ ibi tó yẹ kó di eegun, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e. Kì í dípẹtà, ara kì í bá a jà, eegun gidi sì máa ń hù wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá dá sí i lára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ètù titanium lè gbiná, nítorí náà inú gáàsì argon ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, nínú ẹ̀rọ ńlá tó wọ́n gidi. Ike kan náà wà tó ń jẹ́ PEEK. Ó le, ooru bíi 343°C ló ń yọ́ ọ, kò sì ní dí X-ray lójú bíi ti irin.

Àwọn ike kan tún wà tí ara máa ń jẹ tán. Ní 2012, ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọwọ́ kan wà tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa ń pa dé tó bá mí. Dókítà Glenn Green àti onímọ̀ ẹ̀rọ Scott Hollister wọn ọ̀fun ọmọ náà lórí CT scan, wọ́n tẹ túùbù kékeré kan tí apá kan rẹ̀ ṣí, wọ́n rán an mọ́ ìta ọ̀nà ọ̀fun náà kó lè dì í mú ní ṣíṣí. PCL ni wọ́n fi ṣe é, ike tó máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 60°C, tí ara á sì jẹ ẹ́ tán ní bí ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọ̀fun ọmọ náà fúnra rẹ̀ á ti le. Irin ò lè ṣe ìyẹn fún ọmọ tó ń dàgbà.

PLA wá ni ti ilé wa. Tí ẹ bá rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, tàbí tí ẹ rẹ àgbàdo fún ògì, kí ló ń jẹ́ kó kan? Bakitéríà ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di lactic acid. Nílé iṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń mú sítáàṣì àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́, wọ́n á jẹ́ kí bakitéríà sọ ọ́ di lactic acid yìí kan náà, wọ́n á wá so ó mọ́ra gígùn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Okùn yẹn ni PLA. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn 3D printer kéékèèké, títí kan ti láàbù wa. Tí wọ́n bá fi sínú ara, omi ara á máa já okùn náà díẹ̀díẹ̀, á padà di lactic acid, ara á sì jó o tán. Kò ṣàjèjì sí ara rárá. Iṣan ẹsẹ̀ yín ń ṣe lactic acid nígbà tí ẹ bá sáré tẹ̀lé máíkírà tó fẹ́ já yín sílẹ̀. Àwọn dókítà eegun ti ń fi irú ike yìí ṣe ìṣó onírẹ́ẹ̀sì tí kò ní sí ìdí láti yọ padà.

Ẹ ò rí i pé orí mi ti wú! Mo ti ń rò ó pé ẹ̀gẹ́ Akínyẹlé ló máa dí orí ará Akínyẹlé.

Mo tẹ àwòṣe agbárí kan pẹ̀lú PLA kí n lè fi ṣàlàyé fún bọ̀dá mi. Mo wọ máíkírà ní Òjòó, mo gbé agbárí náà sí iwájú, níbi gíláàsì ọkọ̀. Oòrùn mú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Nígbà tí a fi máa dé Mọ́níyà, iwájú orí náà ti rọ̀, ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ òfófó. Ní nǹkan bíi 60°C ni PLA máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn sì lè sún mọ́ ọn. Bọ̀dá mi gbé e sọ́wọ́, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ fi sórí mi?"

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ohunkóhun tó máa wọnú orí èèyàn, kòkòrò kankan ò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti pa kòkòrò nílé ìwòsàn sì ni ọ̀yà tó gbóná tó 121°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ike láàbù mi ò lè yè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni PLA tí a ń rà ní róòlù kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún inú ara: àwọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn èròjà mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dán wò. Ohun tí wọ́n máa fi sára aláìsàn, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní òun máa tẹ eegun fún yín ní hósítẹ́ẹ̀lì, ẹ sá.

Ìbàdàn ò sùn

Níbi tí mo ti ń ka ìwé kiri ni mo ti wá rí ohun tó tì mí lójú díẹ̀. Mo ti ń wo Michigan, mi ò wo ẹ̀yìn ilé.

UCH ti wà láti 1957. Ní 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé sí Ìbàdàn láti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ibo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́? Michigan kan náà. Láti ìgbà yẹn ni Ìbàdàn ti ń ṣí orí tó ń pa á dé.

Níbi púpọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n bá yọ eegun orí, inú fíríísà tó tutù gan-an ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí di ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Ẹ bá mi gbé NEPA lé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọgbọ́n mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò níbi tí iná ò dúró ni pé wọ́n á la awọ ikùn aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á tọ́jú eegun orí rẹ̀ sábẹ́ awọ náà, wọ́n á rán an. Ara rẹ̀ ló di fíríísà. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí ara máa jẹ eegun náà díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ibẹ̀ kẹ̀.

Èyí tó wá ya mí lẹ́nu jù ni ohun tí Dókítà Amos Adélẹ́yẹ àti ẹnìkejì wọn, Azeez, kọ jáde láti Ìbàdàn ní 2011. Dípò kí wọ́n yọ eegun náà kúrò pátápátá, wọ́n gé e yíká ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó ṣì so mọ́ iṣan ẹ̀bátí, bí ilẹ̀kùn tí apá kan rẹ̀ ṣì mọ́ férémù. Tí ọpọlọ bá wú, á ti ilẹ̀kùn náà síta. Tó bá fà, ilẹ̀kùn á padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gba inú iṣan náà dé eegun, nítorí náà kò kú. Kò sí iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí eegun àtọwọ́dá tí wọ́n máa rà, kò sí ìrìn-àjò padà wá láti Àkànrán tàbí Lálúpọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: ọgbọ́n yìí ju 3D printer mi lọ. Ẹni tó ronú nípa rẹ̀ mọ̀ pé aláìsàn lè má rí owó padà wá.

Kì í ṣe gbogbo orí ló bá mu ṣá. Tí wíwú náà bá pọ̀ jù, ilẹ̀kùn ò ní tó. Tí eegun bá sì ti rún bíi ti bọ̀dá mi, kò sí ilẹ̀kùn rárá. Irú wọn ni ọ̀rọ̀ télọ̀ kàn.

Mọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe eegun

Ọ̀nà kan wà tó mú kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ rò ó bí àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì. Mọ́ọ̀dù kọ́ ni wọ́n ń fi kọ́lé, ohun tó ń jáde nínú mọ́ọ̀dù ni. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní sìmẹ́ǹtì eegun tó ń jẹ́ PMMA, ìdílé kan náà pẹ̀lú ike tí àwọn dókítà eyín ti fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá láti nǹkan bíi 1930 sí 1939. Wọ́n á po ètù rẹ̀ mọ́ omi rẹ̀, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, á sì le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ń le, ó máa ń gbóná tó láti jó ẹran ara, nítorí náà kò dáa kí wọ́n máa mọ ọ́n sórí ọpọlọ tààrà.

Níbi tí 3D printer kékeré ti wúlò nìyẹn. A ò ní tẹ eegun, mọ́ọ̀dù eegun la máa tẹ̀. Wọ́n lè fi rọ́bà silicone mú àpẹẹrẹ rẹ̀, kí wọ́n sì pa kòkòrò ara rọ́bà náà pẹ̀lú ọ̀yà gbígbóná, torí silicone lè fara dà á. Dókítà á po sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, á dúró kó tutù, á yọ ọ́, á fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án mọ́ agbárí. Eegun gidi kò ní hù wọ inú PMMA bíi ti titanium, ibẹ̀ sì lè kẹ̀, tó bá kẹ̀ wọ́n máa ní láti yọ ọ́ ni. Síbẹ̀, iye rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ titanium tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

Ẹ̀rọ náà sì kọ́ ni ìṣòro mọ́. Ní Lomé, ní Togo níbí, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi àwókù kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti dà nù ṣe odidi 3D printer. Ọdún kẹtàlá sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ la ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Fáìlì dà?

Mo padà sábúlé pẹ̀lú ìgboyà. Mo ní kí bọ̀dá mi gbé CT scan wọn ọjọ́sí wá. Ìyàwó wọn wọlé, wọ́n gbé àpò ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé e kí òjò má bàa rí i. Mo fa fíìmù náà yọ, mo gbé e sókè sí oòrùn. Àwòrán wẹ́wẹ́ kún orí rẹ̀, dúdú àti funfun.

Fíìmù ò ṣeé lò. Fáìlì orí kọ̀ǹpútà ni 3D Slicer ń jẹ, kì í ṣe fọ́tò. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ fáìlì, ègé tó nípọn tó mìlímítà 5 ni wọ́n sábà máa ń gé orí sí tí wọ́n bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ eegun nílò mìlímítà 1 tàbí kó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí eegun náà á rí pálapàla bí àtẹ̀gùn. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ya á, wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́, àyè ti kún. Mi ò lè bínú sí wọn lọ títí, ta ló sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni á padà wá béèrè?

Ohun tó dí wa lọ́wọ́ nìyẹn o. Kì í ṣe titanium, kì í ṣe ẹ̀rọ. Fáìlì tó lè wọ inú flash kékeré kan ni. Tí ẹ bá mú ẹnikẹ́ni lọ fún CT scan, ẹ béèrè CD rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dà á kọ sórí nǹkan méjì.

Àwọn kan lábúlé ti gba bọ̀dá mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ rí teegunteegun. Wọn ò lọ, mo dúpẹ́, torí agbárí kì í ṣe eegun ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi igi dì, ẹsẹ̀ gan-an sì ti bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn bú àwọn aládùúgbò mi. Teegunteegun wà nítòsí. Ó máa wá bá ẹ nílé. Ó máa gba owó díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba iṣu. Ta ló máa wo ojú ọgbẹ́ bọ̀dá mi ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí omi bá ń jáde níbẹ̀ lálẹ́? Wọ́n máa ní láti wá sígboro. Kí ni wọ́n máa gùn jáde ní abúlé? Ọ̀kadà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa, kó wá ẹni tó máa wo ọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé kí ó tó ra ẹ̀rọ.

Ọdún náà, àgbàdo tà díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa mọ̀lẹ́bí fi tiwa kún un. Ní oṣù tó kọjá, mo bá bọ̀dá mi lọ fún CT scan tuntun. Mo ti bá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa mìlímítà 1. Wákàtí méjì ààbọ̀ la lò lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò nínú ẹ̀rọ. Mo gba CD. Mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí orí bọ̀dá mi lójú kọ̀ǹpútà, mo yí apá ọ̀tún sí òsì, mo yọ ọ́. Eegun kan jáde, ó tẹ̀ díẹ̀ bí èèpo igbá. Mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò sì ṣe bíi dókítà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ni fáìlì náà wà báyìí, àwọn ló máa pinnu bóyá mọ́ọ̀dù ni, tàbí kí wọ́n kàn fi àwòṣe náà wọn àwọ̀n titanium kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn ò tíì dá ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ bọ̀dá mi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jẹun dáadáa ná.

Mo tẹ agbárí wọn pẹ̀lú ike láàbù, àti eegun tó kù náà sọ́tọ̀, láti fi wò lásán. Lọ́tẹ̀ yìí, inú àpò ni mo gbé e sí, abẹ́ àga. Bọ̀dá mi jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi eegun náà sínú ihò, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún fi sí i. Ó wọ̀ ọ́ géérégé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ìyàwó wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù.

"Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i o."